Wọ́n Ní Alága Kò Ráhùn

Ọmọkùnrin mi kú ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, láàárín aago mẹ́sàn-án sí aago mọ́kànlá àárọ̀, nínú yàrá kan tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ láti ìta. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ìdí tí mo fi fi wákàtí méjì sílẹ̀ ni pé nínú gbogbo ilé ìtọ́jú náà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lè sọ ìgbà tí ẹ̀mí bọ́ lára rẹ̀. Ẹni tó gbé oúnjẹ fún un ní aago mẹ́sàn-án ní ó na àtàǹpàkò sí òun. Ẹni tó lọ kó àwo ní aago mọ́kànlá bá a nílẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí èmi àti bàbá rẹ̀. Ìlà mẹ́fà péré. Wọ́n bá wa kẹ́dùn, wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn tó kárí ayé ló mú un lọ, wọ́n sì fi ìlà karùn-ún tù wá nínú: "Títí tó fi kú, kò ráhùn."

Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Ọmọ tí kò sọ gbólóhùn kan rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i sáyé, wọ́n ní kò ráhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí mọ̀ pé bí a ṣe ń darí iṣẹ́ ni mo máa ń kọ lé lórí. Ogún ọdún ni mo ti fi jẹ́ ọ̀gá ibùdó ìkẹ́rùsí. Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo fi kọ́ ògiri, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo mọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: bí ẹrù bá bàjẹ́ lọ́nà, ẹnì kan ló gbé e kẹ́yìn. Níbi iṣẹ́ mi, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún mi pé "ó kàn ṣẹlẹ̀ ni." Ọwọ́ tó gbé e kẹ́yìn la máa ń wá. Bí mo ṣe máa ń ṣe ti ẹrù ni mo fẹ́ ṣe ti ọmọ mi lónìí. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò le jù fún òun, kó ṣí ewé tó kàn.

Ohun tó bàjẹ́ nìyí, àti ẹni tó mọ̀. Wọ́n já ìwé kan kúrò lára ògiri yàrá rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìtọ́jú náà ló pàṣẹ, ó sì mọ ohun tó wà nínú ìwé náà, nítorí ojú rẹ̀ ni mo ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Wọ́n gbé obìnrin tó mọ ọmọ mi bí ẹni mowó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n fi àwọn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ tí kò rí i rí rọ́pò. Ẹni tó pín iṣẹ́ mọ̀. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́sàn-án bi í ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kò lè yí padà láéláé. Ẹni mẹ́rin ló fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà. Ó fi àìsàn rẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n pè é ní ìjà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n dè é, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń bojú tó irú ilé bẹ́ẹ̀ gba lẹ́tà mi ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e. Nítorí náà òǹtẹ̀ mọ̀. Èmi náà mọ̀. Màá dé orí tèmi.

Alága ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ti pinnu pé àga ìkángun tábìlì, èyí tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, òun ló ni ín. Bí àlejò tí kò mọ̀ bá jókòó síbẹ̀, kò ní bá a jà. Á kàn dúró tì í, á máa wò ó bí ẹni ń wo ẹni tó gba ilẹ̀ bàbá òun, títí ìtìjú á fi gbé àlejò dìde. Bó bá jẹun tán, á fi ṣíbí lu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin á sì kéde pé, "Alága ti parí ìpàdé o. Ẹni tó bá ṣì ń jẹun, ó di ìpàdé tó ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń mú un lọ síbi iṣẹ́. Àwọn alágbàrù mi á ti gbé àga sí ìkángun tábìlì kó tó dé. Ẹ gbọ́ bí ìpàdé wọn ṣe máa ń lọ.

"Alága, ẹ káàbọ̀ sà. Ṣé kí Ọ̀gá fún wa ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì?"

Alága á na àtàǹpàkò sókè.

"Ọ̀gá, ẹ rí i fúnra yín. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ yín."

"Alága, ṣé ká gbé Ọ̀gá fún ilé iṣẹ́ mìíràn, kí àwọn yẹn náà lọ jìyà díẹ̀?"

Àtàǹpàkò.

"Wọn ò ní gba Ọ̀gá," ni olórí àwọn alágbàrù sọ. "Wọ́n á dá wọn padà kó tó di ọ̀sán, wọ́n á tún fi lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tì wọ́n lẹ́yìn."

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín títí tó fi yí lulẹ̀ lórí àpò. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nínú àwọn ọkùnrin tó ń ru àpò wọ̀nyẹn, àwọn kan wà tí kò lè ka orúkọ ara wọn. Ìpàdé kan ṣoṣo ni wọ́n bá ọmọ mi ṣe tí wọ́n fi mọ̀ pé àtàǹpàkò rẹ̀ kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni." Ohun tó ń sọ ni pé, mo rí ọ, o bá mi sọ̀rọ̀, inú mi dùn. Bí o bá bi í pé ṣé iná ń jó o, á na àtàǹpàkò sí ọ láti inú iná. Ṣé ohun tí alágbàrù fi wákàtí kan mọ̀ ló wá le jù fún ilé tí wọ́n kọ "Ìtọ́jú Àkànṣe" gàdàgbà sí iwájú rẹ̀?

Báwo ló ṣe wá ń sọ fún wa pé ara òun kò yá? Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Aránbàtà ni ọkọ mi. Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ọmọ náà dàgbà sí, lábẹ́ tábìlì, láàárín awọ àti òórùn gọ́ọ̀mù. Bó bá ń sunkún, bàbá rẹ̀ á mú bàtà kan, á máa fi kàn án lára díẹ̀díẹ̀: "Ibo ló ya? Ṣé orí ni? Ṣé ikùn ni? Fi hàn mí kí n bá ọ rán an." Àwàdà lásán ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbé àwàdà yẹn, ó sọ ọ́ di èdè. Láti ìgbà náà, bí orí bá ń fọ́ ọ, á bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì, á gbé e lé orí. Bó bá jẹ́ ikùn, á gbé e lé ikùn. Kò ṣì í rí lẹ́ẹ̀kan. Dókítà rẹ̀ sọ fún mi nígbà kan pé, "Ìyá Alága, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ fatafata kì í ṣàlàyé ara wọn fún mi tó báyìí."

A mú un lọ sí ilé ìtọ́jú náà nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún. Ẹ má fojú burúkú wò mí, ètò ni. Èmi àti bàbá rẹ̀ jókòó, a ní a ò ní í wà láyé títí láé, a ò sì fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá sin wá ni yóò kọ́kọ́ sùn nílé àjèjì. Kí ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Kó ní yàrá tirẹ̀, àga tirẹ̀, àwọn èèyàn tirẹ̀. Ètò tí mo ṣe sílẹ̀ de ikú tèmi pé pérépéré, kò sí ibi tó ti jò. Ikú tirẹ̀ ni mi ò ṣètò fún.

Ọjọ́ tí a mú un débẹ̀ ni mo tẹ ìwé kan, ìlà méje, mo fi ọ̀rá líle bò ó kí omi má bàa rin ín, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibùsùn rẹ̀. Ìlà kìíní: Alága ni kí ẹ máa pè é. Ìlà kejì sọ̀rọ̀ nípa àga. Ìlà kẹta: Àtàǹpàkò rẹ̀ kì í ṣe ìdáhùn, ẹ má ṣe fi mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ìlà kẹrin: Ibi tó bá gbé bàtà lé ló ń dùn ún, bó bá jẹ́ àyà, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ pè mí. Ọdún mọ́kànlá ni ìwé yẹn fi wà níbẹ̀. Màmá tó ń tọ́jú rẹ̀, àgbàlagbà obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kò tilẹ̀ nílò láti kà á mọ́. Yóò wọlé láàárọ̀, yóò wo ilẹ̀ kó tó wo ojú. "Bàtà méjèèjì wà lẹ́sẹ̀. Ó dáa. Alága, ẹ dìde jàre, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti jókòó."

Àjàkálẹ̀ àrùn dé, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo àlejò. Mi ò jà. Èmi náà ti ìlẹ̀kùn ibùdó mi, mo dá àwọn oníbàárà padà lẹ́nu géètì. Wọ́n ní ká máa wá lọ́jọ́ Àìkú, aago mẹ́wàá àárọ̀, ká jókòó níta lórí àga oníke, kí àwọn ọmọ wa jókòó nínú, kí gíláàsì fèrèsé wà láàárín wa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo gbà. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ ni mo gba ojú fèrèsé wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn tí mo rí i pé gbogbo ògiri ti mọ́ lau, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́. Mo pe ọ̀gá ilé náà lórí fóònù.

"Gbogbo bébà tó wà lára ògiri la ti yọ, Mà," ló sọ. "Bébà ń gbé àrùn."

"Ìwé ọmọ mi kì í ṣe bébà lásán. Ọ̀rá wà lára rẹ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ nù ún, ó tán."

"Òfin ni, Mà. Ògiri gbogbo ló kàn."

"Ibo ni ẹ kó o sí?"

"Ó wà nínú fáìlì rẹ̀."

"Ṣé àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ń rí fáìlì náà?"

"Ọ́fíìsì ni fáìlì wà, Mà. A ò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọ ọ́fíìsì mọ́ nítorí àrùn."

Mo ní, "Ó dáa, jẹ́ kí n tún òmíràn tẹ̀, kí n gbé e wá." Ó ní àwọn kò gba ohunkóhun láti ìta. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, mo fi ọkọ̀ mẹ́rìnlá kó egbòogi gba ojú ọ̀nà tí wọ́n tì pa kọjá, kò sí ọ̀kan tó pẹ́. Abala ìwé kan ṣoṣo ni mi ò lè mú dé ara ògiri.

Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Àwọn tuntun dé, àwọn tí ilé iṣẹ́ kan ń fi ránṣẹ́ síbi tí ọwọ́ kò bá tó, ẹni tó wá lónìí lè má wá lọ́la. Màmá tó ń tọ́jú Alága, wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti pọ̀ jù láti máa fara kan ẹnikẹ́ni, wọ́n gbé e lọ sídìí aṣọ fífọ̀. Kí wọ́n lè rí nǹkan kọ, wọ́n ṣe fọ́ọ̀mù kan, ojoojúmọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kún un fún olúkúlùkù àwọn mẹ́tàlélógún tó ń gbébẹ̀. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ń mí dáadáa? Ṣé nǹkan kan ń dùn yín? Àpótí kékeré wà níwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, o kàn máa fi bírò kọ ọ́ lámì.

Nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa pé kí a tó gbé irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ jáde, ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tí a fẹ́ bi lè dáhùn "rárá." Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wọ inú yàrá ọmọ mi, tí wọ́n bi í pé ṣé ó ń mí dáadáa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi na àtàǹpàkò sí wọn nítorí inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan wọlé. Àpótí mẹ́sàn-án, àmì mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ karùn-ún bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Mo ti wà lórí àga oníke ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n mú Alága wọlé. Ojú rẹ̀ ti wú, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, aláwọ̀ ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ rán fún un nígbà tó pé ọgbọ̀n ọdún, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ àárín àyà.

Mo dìde. Mo lu gíláàsì. Mo ń tọ́ka sí bàtà, mo ń tọ́ka sí àyà tèmi. Òṣìṣẹ́ tó dúró tì í, ọ̀dọ́bìnrin kan tó bo imú àti ẹnu, tí mi ò rí rí, kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ó wo ìka mi, ó wo bàtà, ó rò pé mo ní kó wọ bàtà fún ọmọ mi. Ó na ọwọ́, ó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ fi ara yín síbẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lo fi ń pariwo pé àyà rẹ. Ìyá rẹ dé. Ìyá rẹ rí ọ. Lójú ìyá rẹ ni wọ́n ti fọwọ́ di ẹnu rẹ. Alága fa bàtà náà. Ọ̀dọ́bìnrin náà fà á padà. Ọmọ mi fi orí gbá gíláàsì, gbàù, ó tún gbá a, ẹ̀jẹ̀ fọ́n sí i láti inú, ó ń ṣàn wálẹ̀ níwájú mi, mi ò sì lè nawọ́ nù ún. Ọkùnrin mẹ́ta sáré wọlé. Wọ́n gbá ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ọ̀kan fi orúnkún gún un lẹ́yìn, láàárín èjìká méjèèjì, ó gbé gbogbo ara lé e, lórí ẹni tí kò rí èémí mí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi. Apá rẹ̀ kan ṣì wà tí wọn kò tíì dì mú. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó na àtàǹpàkò sí mi.

Wọ́n fa kọ́tìnì.

Aṣọ́nà ló wá dì mí lápá. "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ ti mú inú bí i."

"Bàbá, ọmọ mi ń ṣàìsàn. Àyà ló ń dùn ún."

"Ẹni tó ń ṣàìsàn ha lè lágbára báyìí? Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe pọ̀ tó kí apá wọn tó ká a."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èmi nìyí. Irin tí a fi ń tú táyà wà nínú bùútù ọkọ̀ mi, kò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ sí fèrèsé náà. Mo ronú kàn án. Mo fọwọ́ kan bùútù. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún ara mi pé èmi kì í ṣe ọ̀bàyéjẹ́, èmi mọ bí a ṣe ń gba ojú ọ̀nà. Mo wa ọkọ̀ lọ sílé, mo kọ lẹ́tà. Ojú ìwé méjì, ó ní orí, ó ní ìsàlẹ̀, ó ní àlàyé bàtà àti àlàyé àtàǹpàkò, ó sọ ohun tí mo fẹ́ àti ìgbà tí mo fẹ́ ẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wá fún mi, máàkì tó ga jù ni màá fún un. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ti dúró lẹ́nu ọ́fíìsì ìjọba náà. Wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e. Mo pè wọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

"Lẹ́tà yín wà nílẹ̀, Mà. Ó ń dúró de ẹni tí yóò bójú tó o."

"Ìgbà wo?"

"Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, Mà. Ẹ ní sùúrù."

Mo pe ilé ìtọ́jú náà ní ìgbà mẹ́rìndínlógún láàárín ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú. Wọ́n ní ara rẹ̀ le. Wọ́n ní kò sí ohun tí dókítà fẹ́ wá ṣe. Wọ́n ní ó wà nínú fọ́ọ̀mù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì, Màmá Afọṣọ ló sọ ọ́ fún wa. Bí àwọn tó kù níbẹ̀ ṣe ń pè é nìyẹn báyìí, obìnrin tó tọ́jú ọmọ mi fún ọdún mọ́kànlá. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú ló wá sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi. Ó ní wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ Àìkú yẹn pé Alága fẹ́ sá lọ, pé bàtà ló fi kọlu òṣìṣẹ́. Wọ́n kó gbogbo bàtà rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n gbé e tì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ahọ́n rẹ̀ ni wọ́n gé yẹn. Wọ́n fi aṣọ tí wọ́n ya ní tẹ́ẹ́rẹ́ dè é mọ́ àga bó bá fẹ́ jẹun, nígbà tó yá wọ́n kàn ń gbé àwo sílẹ̀ fún un nínú yàrá, wọ́n á tì í mọ́ ibẹ̀, wọ́n á fi ìdábùú irin há ìlẹ̀kùn níta. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá ń gbé aṣọ ibùsùn kọjá, ó yọjú lójú ihò ìlẹ̀kùn. Alága jókòó sílẹ̀. Kò sí bàtà. Ó da oúnjẹ inú àwo nù, ó gbé àwo náà lé àyà.

Màmá kó aṣọ sílẹ̀, ó lọ bá ọ̀gá ilé náà. "Ẹ pe dókítà. Àyà ló ń dun ọmọ yẹn."

"Màmá, ta ló fi yín ṣe nọ́ọ̀sì?"

"Mi ò ní nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ní mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ padà sídìí aṣọ yín. Ẹni tó wò ó láàárọ̀ yìí ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ó ti fọwọ́ sí i."

Wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní fóònù náà ń gbé àrùn. Kò mọ nọ́ńbà mi sórí. Inú ìwé ara ògiri ló ti máa ń wò ó. Nígbà tó sọ èyí fún wa tán, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ dìde. Àwọn tí ẹ sọ fún ló yẹ kó kúnlẹ̀." Ó wá tú ìdí ìborùn rẹ̀, ó mú nǹkan jáde. Ìwé mi ni. Kò sí nínú fáìlì kankan. Nínú ọ̀rá ìdọ̀tí tí wọ́n jù sẹ́yìn ilé ìfọṣọ ló ti rí i, téèpù ṣì wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ti fi omi ọṣẹ nù ún. Ó ń dán.

Wọn kò jẹ́ ká rí òkú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbókùúsí ló sọ fún mi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé àmì ìdè wà lọ́rùn ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúdú níbi tí nǹkan ti tẹ̀ ẹ́. Bàtà rẹ̀ ni wọ́n dá padà fún wa, nínú ọ̀rá dúdú kan náà, ẹsẹ̀ mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ láti ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ọkọ mi tò wọ́n sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú aláwọ̀ ilẹ̀ náà, ẹsẹ̀ òsì, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ okùn tó fi rán an. Ó gbé e lé àyà ara rẹ̀, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Láti ọjọ́ náà, kò tíì rán bàtà ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá ilé ìtọ́jú náà ti sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Òótọ́ ni. Wọ́n kún fọ́ọ̀mù. Wọ́n nu ògiri. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ kí wọ́n tó fún ọmọ mi lọ́rùn ọwọ́, wọ́n bo imú kí wọ́n tó gun ẹ̀yìn rẹ̀. Àrùn kankan kò gba ara bébà wọlé sí ilé wọn. Ṣé ká kí wọn kú iṣẹ́? Ṣé ká fún ògiri yẹn ní ẹ̀bùn? Àwọn kan ti ń sọ fún mi pé àsìkò àjàkálẹ̀ àrùn ni, pé nǹkan le fún gbogbo èèyàn, pé kí n fi ìyókù sílẹ̀. Mo bi wọ́n: àrùn wo ló ń ti ìlẹ̀kùn láti ìta? Àrùn wo ló ní orúnkún?

Àwọn méjìlélógún ṣì wà nínú ilé yẹn lónìí. Mẹ́sàn-án nínú wọn kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí ara rẹ̀ kò bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún mi. Ọ̀kan wà tó máa ń to ṣíbí sílẹ̀. Ògiri wọn ṣì mọ́ lau. Wọ́n ṣì ń bi wọ́n láràárọ̀ bóyá wọ́n ń mí dáadáa. Nítorí wọn ni mo ṣe ń kọ èyí. Tèmi ti kú.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀, mi ò sì wá bẹ̀bẹ̀. Kí ọ̀gá ilé náà àti olórí ọ́fíìsì ìjọba tó gba lẹ́tà mi gbé fọ́ọ̀mù ọjọ́ mẹ́sàn-án náà jáde, pẹ̀lú ojú àti orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i. Kí wọ́n tú ìdábùú irin kúrò lára ìlẹ̀kùn méjìlélógún tó kù. Kí wọ́n lẹ ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́ òkè ibùsùn rẹ̀. Bí wọn kò bá ní ọ̀rá tí wọn yóò fi bò ó, mo ní. Kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù aránbàtà, kí wọ́n fagi lé ìlà karùn-ún yẹn lójú bàbá rẹ̀, kí wọ́n kọ èyí rọ́pò, kí wọ́n fọwọ́ sí i: "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ráhùn. Àwa la kọ̀ láti gbọ́."

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni mo dá fún wọn, kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ìdílé méjìlélógún ti sọ fún mi pé àwọn yóò wà lójú fèrèsé yẹn, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti ṣe ohun tí mo kọ sókè yìí, a ó jókòó sórí àga oníke wa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ó juwọ́ sí àwọn ọmọ wa, a ó sì lọ sílé. Bí ògiri bá ṣì mọ́, irin tí mo fi sílẹ̀ nínú bùútù lọ́jọ́ Àìkú yẹn yóò wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní kọ lẹ́tà kankan.

Màá ti débẹ̀ ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún.